Ariwo ara páálí kọ́ ni bátìrì: àyẹ̀wò páàkì mọ́tò rìmóòtù fún ará Ìkòròdú

Páàkì méjì wà lórí káńtà. Méjèèjì kọ 7.4V sára, méjèèjì kọ 5000mAh, ìyẹn bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó. Ọ̀kan wúwo lọ́wọ́, ìkejì fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì tó ti tán. Èyí tó fúyẹ́ yẹn ló kọ 100C gàdàgbà síwájú (a máa dé orí C yẹn nísàlẹ̀), òun náà ló sì ń dán jù. Ẹni tó bá gbé e lọ sílé, bébà àlẹ̀mọ́ ló rà, kò tíì ra bátìrì.

Bátìrì tó ṣeé ṣáàjì fún mọ́tò rìmóòtù la fẹ́ yẹ̀ wò níbí, àwọn irú tó ń dé ọwọ́ àwa ará Ìkòròdú, àti bí a ṣe lè mọ òótọ́ inú wọn kí owó tó kúrò lápò. A ò tò wọ́n ní orúkọ ilé iṣẹ́, torí pé orúkọ ò ṣòro láti tẹ̀ sára rọ́bà. Irú wọn la fi tò wọ́n. Ọ̀pọ̀ wa ló ń rà á ní Alábá tàbí ní Computer Village n'Íkẹjà, àwọn kan ń rán ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Èyí tó bá dé Sábó, inú mọ́tò ìṣeré ló sábà máa ń bá wá. Ẹ má retí iye owó o. Iye tí a bá kọ lónìí, ọjà lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

NiMH: ó ti dàgbà, kò tíì fẹ̀yìn tì

NiMH (nickel-metal hydride) ni páàkì gbọọrọ oní-sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà tí wọ́n fi rọ́bà dì pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.2V, mẹ́fà rẹ̀ á jẹ́ 7.2V. Tó bá kún dáadáa, mítà á ka 8.4V tàbí kó fi díẹ̀ jù ú lọ. Tó bá ti bọ́ sí 6V nígbà tí mọ́tò ń sáré, ó tó gẹ́ẹ́, ẹ gbé e kúrò. Páàkì 3000mAh tó jẹ́ òótọ́ máa ń wọn bíi 350 sí 400 gíráàmù. Ó wúwo, a ò lè purọ́ fún un.

Ibi tó ti dára ni pé ó ní àforítì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè sá a títí mọ́tò á fi máa rìn bí ìgbín, ó lè já lulẹ̀, wọ́n lè gbàgbé rẹ̀ sínú báàgì ilé ìwé, kò sì ní tìtorí ìyẹn sun ilé. Àléébù rẹ̀ ni pé iná inú rẹ̀ máa ń jò dànù lórí ìjókòó. Èyí tó wọ́pọ̀ lè pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú márùn-ún iná rẹ̀ láàárín oṣù kan, ooru tiwa yìí sì máa ń jẹ́ kó yá sí i. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó ni kí ẹ ṣáàjì rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ Sunday tó kọjá. Irú èyí tí iná rẹ̀ kì í tètè jò wà, irú tí Sanyo gbé jáde ní 2005 tó pè ní Eneloop, àmọ́ ìwọ̀n AA ló wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Inú rìmóòtù tí ẹ ń dì mú lọ́wọ́ ló yẹ ẹ jù, ó dára ju kí a máa ra bátìrì àlòjù-nù mẹ́rin mẹ́rin lọ.

Ohun tó ń pa NiMH ládùúgbò wa ni ṣájà tó bá mọ́tò ìṣeré wá, èyí tí wọ́n ń kì bọ ògiri. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ 250mA. Páàkì 3000mAh lórí 250mA jẹ́ wákàtí 12 lórí ìwé; tí a bá ro iná tó ń di ooru mọ́ ọn, ó ń lọ sí 16 tàbí 17. Ṣájà náà ò ní ọpọlọ, kò mọ ìgbà tí bátìrì kún. Iná NEPA wá láago mẹ́ta, ó lọ láago mẹ́fà, ó padà láago mẹ́wàá òru. Ta ló fẹ́ ka wákàtí yẹn? Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí páàkì á fi gbóná janjan, tí agbára rẹ̀ á sì máa dínkù díẹ̀díẹ̀.

Ṣájà tó gbọ́n máa ń wo fóòtì (V). Tí NiMH bá kún, fóòtì rẹ̀ á gòkè dé ṣóńṣó, á wá wálẹ̀ tín-ín-rín, bíi 3 sí 5 mílífóòtì fún sẹ́ẹ̀lì kan. Ìwálẹ̀ yẹn ni ṣájà máa ń rí tó fi ń dá dúró. Tí ẹ bá wá fi iná tó kéré jù ṣáàjì, ìwálẹ̀ náà á kéré débi pé ṣájà ò ní rí i, á sì gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà, fún 3000mAh, 1.5A sí 3A ni kí ẹ fi sí i. Àwọn tó rò pé jẹ́jẹ́ ló ń jẹ́ kó pẹ́, NiMH kọ́ nìyẹn.

Tí páàkì bá ń sáré dáadáa tó wá kú lójijì láìkọ́kọ́ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kan ló ti lọ nínú mẹ́fà. Ẹ la rọ́bà, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí nǹkan ń fa iná lára rẹ̀: márùn-ún á ka nǹkan bí 1.2V, aláìsàn á ka 0.3V. Rẹ́wáyà ìtòsí lè pàrọ̀ ẹyọ kan yẹn fún yín, ṣùgbọ́n tuntun kan láàárín arúgbó márùn-ún ò ní bá wọn rẹ́. Ẹ má náwó sí i.

Fún ọmọdé àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tí mọ́tò rẹ̀ sì ń lo dáínámò oní-kábọ́ọ̀nù (brushed), ẹ rà á. Fún dáínámò tí kò ní kábọ́ọ̀nù (brushless), ẹ gbàgbé rẹ̀, fóòtì rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ gan-an tí wọ́n bá fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

LiPo: ibi tí owó ń bá lọ

LiPo ni ìkékúrú lithium polymer. Páàkì 2S jẹ́ sẹ́ẹ̀lì méjì tí wọ́n so tẹ̀léra: 3.7V lọ́nà méjì, 7.4V. Sẹ́ẹ̀lì kan kún ní 4.20V. A kì í jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ 3.0V láé, ẹni tó bá sì fẹ́ kó pẹ́ á dúró ní bíi 3.5V. Àárín 4.20 sí 3.5 yẹn ni gbogbo ọjà tí ẹ fowó rà.

Ẹ ra èyí tó ní páálí líle, ìyẹn àpótí ike, lára. Mọ́tò rìmóòtù máa ń dojú dé, ó máa ń gbá búlọ́ọ̀kù, òkúta wẹ́wẹ́ ojú títì inú àdúgbò sì máa ń wọ inú rẹ̀. LiPo tó jẹ́ ọ̀rá lásán, ìṣó kan péré ló máa dá a lu. Ó lè lọ bí ibi tí bátìrì ń jókòó sí nínú mọ́tò yín bá bò dáadáa, ṣùgbọ́n fún eré ìta, líle ni mo fọwọ́ sí. Ẹ wọn ihò náà kí ẹ tó lọ sọ́jà: páálí líle 2S tó gbọọrọ sábà máa ń jẹ́ bíi 138 mílímítà ní gígùn, 47 ní fífẹ̀, 25 ní nínípọn. Èyí tó kúrú jẹ́ bíi 96 ní gígùn. Mílímítà méjì péré ló máa ń dá ìjà sílẹ̀, ẹ sì má gbìyànjú láti fi ọ̀bẹ gé páálí bátìrì kó lè wọlé.

Mítà ni kí ẹ mú lọ sọ́jà. Èyí tó kéré jù lọ ń ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ sí wáyà ńlá méjì, LiPo ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó parí sí orí funfun, òun la ń pè ní wáyà bálàǹsì. Ti 2S ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fi dúdú mítà kan ẹsẹ̀ tó bá wáyà dúdú lọ, ẹ fi pupa kan ti àárín: sẹ́ẹ̀lì kìn-ín-ní nìyẹn. Ẹ gbé dúdú sí àárín, ẹ gbé pupa sí èyí tó kẹ́yìn: sẹ́ẹ̀lì kejì. Ẹ rọra, ẹnu mítà méjèèjì ò gbọdọ̀ kan ara wọn nínú ihò kékeré yẹn.

Bátìrì tuntun sábà máa ń ti ilé iṣẹ́ jáde ní bíi 3.8V fún sẹ́ẹ̀lì kan. Tí ẹ bá rí 3.83 àti 3.83, ó dára. Tí ẹ bá rí 3.83 àti 3.71, ẹ dá a padà sórí káńtà, ọ̀kan nínú méjèèjì ń jo iná. Tí méjèèjì bá wà nísàlẹ̀ 3.5, ó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Nísàlẹ̀ 3.0, ẹ má gbà á bí wọ́n tilẹ̀ fi ta yín lọ́rẹ. Tí méjèèjì bá ka 4.20, ẹni kan ti ṣáàjì rẹ̀ kún láti fi han oníbàárà. Ẹ bi í pé ìgbà wo. Bó bá ti tó oṣù kan nínú ṣọ́ọ̀bù oní-páánù, mi ò ní rà á.

Lẹ́yìn mítà, ó kan òṣùwọ̀n. Àwọn tó ń ṣe kéèkì ní èyí tó ń ka gíráàmù, ẹ yá a lò. 2S 5000mAh oní-páálí líle sábà máa ń wọn bíi 240 sí 300 gíráàmù. Èyí tó bá kọ 5000 tó sì wọn 150, ìdajì ló wà nínú rẹ̀, bóyá kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe lè kó iná sínú afẹ́fẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí C, torí ibẹ̀ ni ariwo pọ̀ sí jù. C ni ìlọ́po iná tí bátìrì sọ pé òun lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan. 5000mAh jẹ́ 5Ah, nítorí náà 1C rẹ̀ jẹ́ 5A. 100C lọ́nà 5 jẹ́ 500A. Ẹ wá wo orí wáyà tí wọ́n fi sí i: XT60 ni, 60A sì ni wọ́n ṣe é fún. Ta ló fẹ́ gba 500A kọjá níbẹ̀? Ẹ pín nọ́ńbà yẹn sí méjì kí ẹ tó gbà á gbọ́. Fún mọ́tò 1/10 (ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ọkọ̀ gidi) oní-2S, 5000mAh tó jẹ́ 30C òótọ́ jẹ́ 150A, ó ti pọ̀ tó. Wáyà rẹ̀ ni kí ẹ fojú sí: ó yẹ kó nípọn bíi ìka ọwọ́ ọmọ ìkókó, kó sì rọ̀ bíi sílíkóònù. Tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ bíi wáyà ṣájà fóònù, ẹ ti mọ ìdáhùn.

Tí ẹ bá ní ṣájà tó ń wọn ìdènà inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ló ń sọ òótọ́ ju gbogbo wọn lọ. 2S 5000mAh tuntun tó dára sábà máa ń ka mílíómù díẹ̀, bíi 3 sí 6 fún sẹ́ẹ̀lì kan. Ẹ kọ ọ́ sára bátìrì pẹ̀lú déètì lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Nígbà tó bá di ìlọ́po méjì, ó ti ń lọ sílé. Ìgbà tí bátìrì tutù ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, torí bó bá gbóná, nọ́ńbà náà á kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹni tó ń béèrè pé 5000 á pẹ́ tó, kó ṣe ìṣirò: bí mọ́tò bá ń fa 15A ní ìpíndọ́gba, 5Ah á gbé e fún ogún ìṣẹ́jú, 3Ah á gbé e fún ìṣẹ́jú 12. Lórí iyanrìn etí ọ̀sà ní Báyékù tàbí Ẹ̀bútè, ẹ yọ kúrò nínú rẹ̀. Iyanrìn rírọ̀ ń di táyà mú, dáínámò ń tiraka, iná tó ń fà á pọ̀ gan-an, bátìrì á sì gbóná ju ti ojú kọ́ńkéré lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi bátìrì. Ẹ fi jíà ẹnu dáínámò tí eyín rẹ̀ dín ní ọ̀kan tàbí méjì síbẹ̀, ẹ máa rí ìyàtọ̀.

Ohun tó ń pa LiPo gan-an

Àjẹìwẹ̀yìn ni: kí a máa sá a títí iná inú rẹ̀ á fi tán pátápátá. NiMH lè gbà á, LiPo ò lè gbà á. ESC, ìyẹn pátákó tó ń bu iná fún dáínámò, ló yẹ kó gé e nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un pé LiPo ni ẹ kì bọ̀ ọ́. Lára Hobbywing QuicRun 1060, ike kékeré kan wà tí wọ́n ń fà yọ tí wọ́n sì ń kì padà: apá kan NiMH, apá kejì LiPo. Lára Traxxas XL-5, iná rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀: àwọ̀ ewé, ó ń ṣọ́ LiPo, pupa, kò ṣọ́ nǹkan kan. Bí ESC yín ò bá ní irú rẹ̀, ẹ ra aláàámù kékeré tó ń wọ wáyà bálàǹsì, ẹ sọ ọ́ sí 3.5V. Ariwo rẹ̀ máa ń dun etí, ohun tí a sì fẹ́ nìyẹn.

ESC náà ò tó gbójú lé pátápátá. Àpapọ̀ sẹ́ẹ̀lì méjèèjì ni ọ̀pọ̀ wọn ń kà. Tí ọ̀kan bá wà ní 3.6 tí ìkejì ti bọ́ sí 2.8, àpapọ̀ jẹ́ 6.4, ESC lè rò pé àlàáfíà ni. Aláàámù ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ kódà níbi tí ESC bá ti ń ṣọ́ra.

Ìkejì ni kí a ṣáàjì rẹ̀ kún, ká wá gbé e sílẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò sí eré mọ́, bátìrì wà ní 4.20 lórí dùrọ́ọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú yàrá tó gbóná. Nígbà tí ẹ bá padà dé bẹ̀, ó ti wú. Tí ẹ ò bá ní lò ó láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ fi í sí 3.80 sí 3.85V fún sẹ́ẹ̀lì kan. Ọ̀pọ̀ ṣájà ní bọ́tìnnì tí wọ́n pè ní Storage fún un. Ẹ mọ̀ pé ó lọ́ra o: ṣájà tó bá ń fa iná wálẹ̀ ní wáàtì 5, páàkì 37Wh (7.4V lọ́nà 5Ah) tó kún lè gbà á tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Kíákíá ju ìyẹn lọ ni kí ẹ gbé mọ́tò jáde kí ẹ sá a fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án.

Láti mọ̀ bóyá ó ti ń wú, ẹ gbé e lé orí táìsì, ẹ fi ìka tẹ igun kan. Tó bá ń mì síwá-sẹ́yìn, ikùn rẹ̀ ti yọ. Tó bá ń rùn dídùn bíi kútẹ́ẹ̀sì èékánná, ó ti ń jò, ẹ gbé e jáde kúrò nílé. Kò sí oníṣẹ́ tó ń tún un ṣe. Àwọn kan ń fi abẹ́rẹ́ gún un kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ìyẹn ni kí a fi ọwọ́ ara ẹni ṣá iná sí ilé ara ẹni.

Àwọn 18650 inú mọ́tò ṣáínà

Ọ̀pọ̀ mọ́tò 1/14 àti 1/16 tó ń ti Ṣáínà wá ló ń gbé bátìrì róbótó méjì nínú rọ́bà, 7.4V, 1500mAh tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì 18650 ni: 18 mílímítà ní ìbú, 65 ní gígùn, irú èyí tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì àti àwọn láǹtàǹpù ṣáàjì. Páàkì tó bá mọ́tò wá kò burú. Okùn USB rẹ̀ máa ń fún un ní bíi 800mA, 1500 á sì kún láàárín bíi wákàtí méjì àti díẹ̀.

Ìṣòro dé nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra àfikún, tí ẹ sì rí 18650 tó kọ 9900mAh sára. Irọ́ ni. Èyí tó dára tó wọ́pọ̀ láti ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í sábà ju 3500mAh lọ. Ìwọ̀n náà ló tún ń tú àṣírí: sẹ́ẹ̀lì gidi máa ń wọn bíi 45 sí 48 gíráàmù. Nípa ti àwọn tí wọ́n tú jáde nínú bátìrì láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, wọn kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe fún láptọ́ọ̀pù ò lè tú iná púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi wọ́n sínú mọ́tò oní-dáínámò ńlá, á lọ mítà mẹ́wàá kó tó gé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá tọ́ọ̀ṣì lọ.

Ṣájà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà

Bí owó bá tó nǹkan kan péré lónìí, ṣájà ni kí ẹ rà, kí bátìrì dúró de oṣù tó ń bọ̀. Irú iMAX B6 ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà wa: 5A ni òpin rẹ̀, wáàtì 50, ó ń ṣáàjì NiMH àti LiPo, ó sì ní ojú ihò bálàǹsì. Ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀, àwọn kan nínú wọn sì máa ń ṣi fóòtì kà. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: nígbà tó bá sọ pé sẹ́ẹ̀lì kún ní 4.20, ẹ fi mítà tiyín wò ó. Tí mítà bá ka 4.19 sí 4.21, ó dára. Tó bá ka 4.25, ẹ dá a padà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọ̀nà tí a ń gbà lò ó: ẹ mú irú bátìrì (LiPo), ẹ mú 2S, ẹ fi iná sí 1C, ìyẹn 5.0A fún 5000mAh, 1.5A fún 1500mAh, ẹ sì mú Balance, kì í ṣe Charge lásán. Ẹ so wáyà ńlá, ẹ so wáyà bálàǹsì, ẹ kà á kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àṣìṣe tó ń jó ilé ni kí a fi ètò NiMH ṣáàjì LiPo: ṣájà á máa dúró de ìwálẹ̀ fóòtì tí kò ní dé, LiPo á sì máa kún kọjá 4.20.

Ní ti iná, ẹ má dúró de NEPA. Irú ṣájà yìí ń gba 11V sí 18V láti ara bátìrì ọkọ̀ gidi tàbí ti ìnfátà. Páàkì 37Wh kan máa mu bíi 45Wh tí a bá ro ohun tó ń ṣòfò, ìyẹn ò tó 4Ah nínú bátìrì 12V. Bátìrì ìnfátà 100Ah ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni mu nínú òun. Mo fẹ́ràn èyí ju jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour lọ, torí iná rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò, pàápàá nígbà tí epo bá fẹ́ tán. Ihò 12V tó wà lára rẹ̀ wà fún ṣíṣáàjì bátìrì ọkọ̀ gidi. Ẹ má so ṣájà yín mọ́ ọn tààràtà.

Ibi tí a ń gbé LiPo sí nígbà tó ń gba iná: àpò tí iná kì í jó wà fún títà, ó wúlò. Èyí tó wà ní gbogbo àdúgbò tí wọ́n ti ń kọ́lé ni búlọ́ọ̀kù oníhò, 9 inches. Ẹ gbé e dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ẹ fi bátìrì sínú ihò, ṣájà wà níta, ẹ má sì sùn tì í. Kí ó má sún mọ́ kọ́tíìnì tàbí tìmùtìmù. Bó bá gbiná, ẹ sá fún èéfín rẹ̀, májèlé ni. Iyanrìn kì í pa á, ó kàn ń dí i lọ́wọ́ kó má bàa ràn.

Lẹ́yìn eré, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó ṣáàjì rẹ̀, bíi ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lábẹ́ igi. Bí ẹ ò bá lè fọwọ́ mú un fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó ti gbóná jù. 60°C ni òpin rẹ̀ nígbà eré, 45°C nígbà tí ẹ bá ń ṣáàjì. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ ní gáréèjì lọ́sàn-án, ooru inú ibẹ̀ ju ti ìta lọ púpọ̀.

Orí wáyà

Kúkúrú ni ti èyí. Orí funfun ti Tamiya tó wà lára NiMH àtijọ́ máa ń gbóná, ike rẹ̀ á yọ́, àwọn irin inú rẹ̀ á sì tú. Ẹ pàrọ̀ rẹ̀ sí XT60 tàbí T-plug. XT60 tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ AMASS máa ń ní orúkọ yẹn lára. Áyọ́ọ̀nù tí ẹ máa fi jó lẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ tó wáàtì 60; èyí tó jẹ́ 30 kò ní mú wáyà tó nípọn gbóná tó, lẹ́ẹ̀dì á kàn lẹ̀ mọ́ òkè lásán, á sì já lọ́jọ́ tí eré bá dùn.

Kí ẹ má fi ẹ̀mú gé wáyà bátìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu ẹ̀mú á so pupa mọ́ dúdú, á bríìjì, á sì bú gbàmù. Ẹ gé pupa, ẹ jó o lẹ́ẹ̀dì, ẹ bò ó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fọwọ́ kan dúdú. Wáyà bálàǹsì náà, orí funfun rẹ̀ ni kí ẹ dì mú láti fà á yọ, kì í ṣe wáyà. Afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà ń mú kí irin kékeré inú rẹ̀ dípẹtà. Bí ṣájà bá sọ pé òun ò rí sẹ́ẹ̀lì kan, ẹ yẹ ibẹ̀ wò kí ẹ tó dá bátìrì lẹ́bi.

Ẹni tó bá ń rán an láti òkè òkun

LiPo àfikún kì í wọ inú àpótí tí ọkọ̀ òfurufú máa gbé sísàlẹ̀. Báàgì ọwọ́ ló ń wọ̀, kí orí wáyà rẹ̀ wà ní bíbò. Títí dé 100Wh ni wọ́n sábà máa ń gbà láìtọrọ àyè. Ìṣirò rẹ̀ ni fóòtì lọ́nà Ah: 7.4 lọ́nà 5 jẹ́ 37Wh, kò sí wàhálà. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bọ̀ kó fi í sí 3.8V kó tó dì í.

Nígbà tó bá kú

LiPo tó ti wú tàbí tó ti rẹ̀, tí kò gbóná tí kò sì là, ẹ so gílóòbù ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́ ọn, èyí tó jẹ́ 12V 21W, ẹ gbé e síta lórí sìmẹ́ńtì níbi tí òjò ò ti ní pa á. Yóò máa tàn, yóò máa rẹ̀yìn fún wákàtí mélòó kan títí yóò fi kú. Ẹ má tètè tú u. Tí ẹ bá yọ gílóòbù kíákíá, fóòtì á tún gòkè padà. Ẹ fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, kí mítà ka òdo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi téépù di ẹnu wáyà méjèèjì. Ẹ má jù ú sí gọ́tà, ẹ má sun ún mọ́ ìdọ̀tí, ẹ má sì gbé èyí tí iná ṣì wà nínú rẹ̀ fún àwọn tó ń kiri ra irin kọ́ńdẹ́mù, torí òòlù ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń fi bá a sọ̀rọ̀.